Àṣá Kọ́, Asha Ni

Ọmọ mi obìnrin kò tíì bímọ tó ti kọ́kọ́ bí mi nínú nítorí orúkọ ọmọ náà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Paspanga ní Ouaga wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ikùn níwájú, ó fẹ̀yìn ti àwọn táyà tí mo tò sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Maman, a ti rí orúkọ. Asha ni."

Mo ń wá nọ́ọ̀tì moto, ìyẹn alùpùpù, fún oníbàárà kan lọ́wọ́, n kò gbọ́ dáadáa. Mo ní, "Àṣá?"

"Asha."

"Àṣá tó ń gbé òròmọdìẹ?"

Ó mí kanlẹ̀. Bó ṣe máa ń mí nìyẹn láti kékeré, bí ẹni pé òun ni ìyá, èmi sì ni ọmọ tí kò tètè mọ̀wé. Ó ní kì í ṣe èdè wa rárá, èdè Súwàhílì ni, ìyè ló sì túmọ̀ sí. Ó ní orúkọ náà kúrú, ó dùn ún pè, àwọn òyìnbó tó wà ní bureau, ọ́fíìsì òun, ní àdúgbò Ouaga 2000 náà á lè pè é. Mo bi í pé ṣé àwọn òyìnbó náà ló máa bá a wẹ ọmọ. Oníbàárà mi, ọmọ Mòsí kan, ọmọ onílẹ̀ níbí, tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ wa tipẹ́ tó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní "barka," ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìgba nọ́ọ̀tì tó wá rà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára. Ìyá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù yẹn kó tó di tèmi. Gánà la ti wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, mo ṣì ń mu ọmú, nígbà tí òun àti bàbá mi kó ẹrù wọn wá sí Ouaga. Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ló ń tà: táyà, túùbù, ṣéènì, ìjókòó. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ gun moto, ó pààrọ̀ ọjà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a pààrọ̀ orúkọ. Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ ni gbogbo Paspanga ń pè é títí ó fi kú. Màámi làwa ọmọ ń pè é, Ìyá Àgbà làwọn ọmọ wa ń pè é. Bàbá mi nìkan ló máa ń pè é ní Àíṣátù, ìyẹn náà lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, bàbá mi sì ti kú ṣáájú rẹ̀ tipẹ́.

Bàbá mi rí ọmọ jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni. Nítorí pé orúkọ bàbá wa ló ń jẹ́, Màámi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a wí. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé ọwọ́ sókè pẹ́nrẹ́n, Màámi á ti dé: "Ọkọ mi lo fẹ́ nà yẹn?" Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ló ṣì ń jí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ayé Màámi, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mo pẹ́ nílùú yìí ju ibi tí wọ́n bí mi sí lọ. Síbẹ̀, tí mo bá kú lónìí, kò sẹ́ni tó máa pe orúkọ mi mọ́. Ẹ wá ọmọ kan kí ẹ fi orúkọ mi pè é." Mo ṣèlérí fún un. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti bímọ tán, orúkọ ìyá ìyàwó ni wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin wọn. Èmi, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, òun náà sì lo ọdún mẹ́fà nílé ọkọ kó tó lóyún. Tí orúkọ náà ò bá bọ́ sórí ọmọ yìí, kò síbòmíràn tó máa bọ́ sí. Ohun tó wà nínú mi nìyẹn nígbà tó dúró síwájú mi tó ń bá mi sọ Súwàhílì.

Mi ò tíì sọ ti ìwé. Nígbà tí mo lọ gba ìwé ikú Màámi, ìwé mẹ́ta tó jẹ́ tirẹ̀ ni mo kó dání. Ọ̀kan kọ Aïssata. Káàdì ìdánimọ̀ kọ Asséta, nítorí akọ̀wé tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ Mòsí, bó ṣe ń pe orúkọ náà nílé tirẹ̀ ló ṣe kọ ọ́. Ìwé àtijọ́ tó mú ti Gánà wá kọ Ayisatu. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn tábìlì wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní obìnrin mẹ́ta nìyẹn, kí n lọ mú ẹ̀rí wá pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Mo sọ fún un pé ì bá wù mí kí ìyá mi jẹ́ mẹ́ta, kí méjì lè ṣẹ́kù. Kò rẹ́rìn-ín. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń gun moto láti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn nínú eruku ọyẹ́, tí mò ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kéékèèké tó wọ táì pé Aïssata ni Asséta, pé Asséta ni Ayisatu.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi ní Asha, mo sọ fún un pé orúkọ ti wà nílẹ̀. Ó ní Àíṣátù ti gbó, orúkọ àwọn ìyá arúgbó ni, yàtọ̀ sí pé mẹ́fà ló wà ní kíláàsì òun nílé ìwé. Mo bi í pé báwo ni orúkọ ìyá arúgbó ṣe wà lára ọmọ ilé ìwé mẹ́fà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò yé mi.

Ó bá ṣí tẹlifóònù rẹ̀, ó nà án sí mi. Ẹnì kan ló kó àwọn orúkọ Súwàhílì jọ síbẹ̀ bẹẹrẹ, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Mo gbé gíláàsì wọjú. Orúkọ àkọ́kọ́ tí ojú mi bà lé ni Ayọ̀. Wọ́n ní Súwàhílì ni, wọ́n ní ó túmọ̀ sí ìdùnnú. Mo sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, mo bá Àbẹ̀ní níbẹ̀. Mo figbe ta. Mo ní, "Ta ló jí orúkọ wa kó fún Súwàhílì? Ẹni tí kò mọ̀ pé àwa la ni Ayọ̀, ṣé òun lo fẹ́ kó kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ?"

"Maman, calme-toi."

Mi ò fẹ́ràn gbólóhùn yẹn, pé kí n fara balẹ̀. Gbogbo owó tí mo san nílé ìwé, gbólóhùn yẹn ló jọ pé wọ́n fi kọ́ ọ jù. Mo dá tẹlifóònù padà fún un. Mo ní àwọn àgbà sọ pé ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, wọn ò ní ká wo tẹlifóònù. Mo bi í bóyá ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń sọ Súwàhílì rí. Kò débẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà kò débẹ̀. Ibi tó jìnnà jù tí ọmọkùnrin Mòsí jẹ́jẹ́ yẹn dé láyé ni ìlú Bobo, nínú orílẹ̀-èdè yìí náà, àárín ọjọ́ méjì ló sì ti padà. Nígbà tí mo bi ọkọ náà léèrè pé kí ni òun rí sí i, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí, ó ní gbogbo orúkọ ló dára. Wọn kì í bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jà, ó sì máa ń dá mi lágara.

Ọmọ dé. Obìnrin ni. Ìyá rẹ̀ ò yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo rí i pé tí mi ò bá ṣe nǹkan, Àṣá máa gbé ọmọ mi lọ lójú mi. Mo gun moto, ó di ọ̀dọ̀ Alfa.

Alfa yìí ló kọ́ gbogbo wa ní kéú. Ó bá àwọn òbí mi ti Gánà wá, ó sì ti darúgbó báyìí. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn Patte d'Oie, níbi tí ariwo ọkọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ara rẹ̀. Òun ló máa sọ ọmọ náà lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ohun tí mo bá lọ ni pé kó bá mi kọ̀ ọ́. Kó sọ pé orúkọ náà ò sí nínú ẹ̀sìn, pé orúkọ ẹyẹ ni, ohunkóhun tó bá sáà ti lè sọ. Mo bá a lórí ẹní, ó ń fi ṣíbí mu dẹ̀gẹ̀, wàrà tí wọ́n po jéró mọ́. Mo jókòó, mo ro ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láti orí ìlérí tí mo ṣe fún Màámi títí dé orí Ayọ̀ tí wọ́n jí. Ó mu dẹ̀gẹ̀ rẹ̀ tán kó tó fèsì.

Ó ní, "Kí lo ní wọ́n fẹ́ pe ọmọ náà?"

"Asha, Alfa. Súwàhílì ni, wọ́n ní."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú un, ni mo bá dìde bu omi fún un, inú tún ń bí mi sí i. Ó ní, "Ìwọ tó fi oṣù méjì sáré kiri torí orúkọ kan tí wọ́n kọ ní ọ̀nà mẹ́ta, o ò wá dá ẹlẹ́ẹ̀kẹrin mọ̀?"

Mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní nígbà tóun lọ sí Mẹ́kà, àgọ́ àwọn ará Sánsíbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn, àwọn èèyàn etí òkun níhà ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, Súwàhílì gan-an sì ni wọ́n ń sọ. Ó ní ó ti pẹ́ táwọn Lárúbáwá ti ń tukọ̀ wá bá wọn ṣòwò, wọ́n sì ti gba ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, bí àwa náà ṣe gba àlùbáríkà àti àlàáfíà. Obìnrin mẹ́ta ló ń jẹ́ Asha nínú àgọ́ náà. Òun bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ fún òun. Aisha ni. Orúkọ ìyàwó Ànọ́bì. Ẹnu tiwọn ló gé e kúrú, bí ẹnu tiwa ṣe fi àfikún sí i tó di Àíṣátù, tí àwọn Mòsí ń pè é ní Asséta.

"Ó túmọ̀ sí ẹni tó wà láàyè," Alfa ní. "Ọmọ rẹ kò parọ́ nípa ìyè."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Màámi, mi ò tíì sunkún tó bí mo ṣe sunkún lórí ẹní Alfa lọ́jọ́ náà. Ẹni tó wà láàyè. Mo ti fẹ́ fi ẹnu ara mi lé ìyá mi jáde.

Nígbà tí mo nu ojú tán, ẹ̀rù ló tún bà mí. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Ohun tí mo bá fẹ́ ni kì í fẹ́. Tí mo bá délé lọ fi ẹ̀rín sọ fún un pé orúkọ Ìyá Àgbà náà ló mú, kó tó di alẹ́ ó ti máa wá òmíràn nínú tẹlifóònù yẹn. Mo bẹ Alfa pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ò ní parọ́ o. Mo ní mi ò ní kó parọ́, kó sáà dákẹ́.

Bí mo ṣe wá di ẹni tó ń bínú èké nìyẹn, ó sì le ju ìbínú gidi lọ. Mo délé, mo ní mi ò gbà. Ọmọ mi ní òun ti gbà. Mo ní Àṣá, Àṣá, Àṣá, ẹ lọ kó adìẹ yín wọlé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń le sí i: "Maman, c'est fini, ó ti parí, Asha ni." Inú mi ń dùn, ojú mi ń pọ́n. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, mo jókòó sáàárín àwọn àna wa, mo fa ojú ro débi tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi bi mí pé ṣé inú ń run mí. Alfa gbé ẹnu sí etí ọmọ náà, ó sọ ohun tó sọ. Ó wá gbójú sókè, ó kéde pé Asha ni orúkọ rẹ̀, ó ní, "èyí tí í ṣe..." Mo wúkọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi jí. Alfa wò mí, ó yí i sí àdúrà.

Láti ọjọ́ náà, nígbà tí a bá wà lójú àwọn èèyàn, mo máa ń fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ku èmi àti ọmọ náà, Ìyá mi ni mò ń pè é. Kò sẹ́ni tó fura, ta ni kì í pe ọmọbìnrin kékeré bẹ́ẹ̀? Mo rò pé màá gbé àṣírí náà wọ sàréè.

Ohun tí mi ò rò ni pé ọmọ náà máa rìn. Ó pé ọdún kan àti ààbọ̀, ó wá di pé ìyá rẹ̀ ń fi í sílẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù tó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ náà le. Kì í sunkún, kì í bẹ̀rù, ohun tó bá wà nílẹ̀ ló máa dà nù. Bí ìyá rẹ̀ bá dé nírọ̀lẹ́, tó bá ohun tó ti ṣe nílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀: "Asha, o ò gbọ́ràn! Asha, olóríkunkun ni ẹ́! Asha, wá gbé e!" Ẹ ò mọ ohun tí etí mi ń jẹ níyà. Ìyá Oníkẹ̀kẹ́ tí gbogbo Paspanga ń tẹríba kí, òun ni wọ́n ń pè ní olóríkunkun nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Mo máa ń wo òkè àjà. Mo máa ń ka táyà.

Ọmọ náà ti pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà já; irin róbótó wẹ́wẹ́ tó ń wọ inú béárìn ni mò ń ṣà látàárọ̀, ńlá sọ́tọ̀, kékeré sọ́tọ̀, nínú àwo pẹrẹsẹ kan. Ọmọ yìí ti dà á nù lẹ́ẹ̀méjì, mo sì ti ṣà á lẹ́ẹ̀méjì, mo ń sọ pé "Ó tó, Ìyá mi, ó tó." Ìyá rẹ̀ wọlé gẹ́lẹ́ bó ṣe dà á ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Irin fọ́n ká dé títì. Ó ní, "Asha! Ọmọ burúkú!" Ó gbé ọwọ́ sókè.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Sọ ọwọ́ ẹ kalẹ̀! Ìyá mi lo fẹ́ gbá yẹn? O ya wèrè ni? Àíṣátù lo ń pè lọ́mọ burúkú!"

Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ọmọ mi dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò bi mí pé kí ni mo ń sọ. Ohun tó bi mí ni pé, "Maman, ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Mo wò ó. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?"

"Kí n tó bí i."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Wọ́n kọ Aisha sábẹ́ orúkọ náà nínú tẹlifóònù. Mo nà án sí yín. Ẹ̀yin lẹ pariwo torí Ayọ̀, tẹ́ ẹ ò ka ìyókù."

Mo jókòó lórí táyà. Ọdún méjì ó lé. Gbogbo ojú tí mo fà ro, gbogbo ikọ́ tí mo hú. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ní orúkọ ìyá arúgbó ni, kí ló dé tí kò sọ fún mi, ó ṣáà mọ ìlérí tí mo ṣe.

Ó ní, "Torí ìlérí yẹn ni. Ìyá Àgbà ló tọ́ mi, mo fẹ́ orúkọ wọn nílé mi ju bí ẹ̀yin ṣe fẹ́ ẹ lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ọmọ tí mo lè bá wí, Maman. Ẹ wo ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń jẹ́ orúkọ Bàbá Àgbà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Tí mo bá ń pè é ní Àíṣátù, ìjánu wo ni màá fà lẹ́nu Ìyá Àgbà? Mo ní kí n kúkú wá ẹnu àwọn ará ibòmíràn pè é, kí n lè ráyè tọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá sì mọ̀, ẹ ò ní jẹ́ kí n tọ́ ọ. Ẹ rí i báyìí?"

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni, màá jẹ́ kó tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Inú bí mi sí i pé ó gbọ́n jù mí lọ, inú bí mi sí ara mi pé ẹnu mi ò gbé e dópin. Inú mi dùn náà. Mi ò jẹ́ kó hàn.

Ọmọ náà kò dá sí wa. Ó ti padà sídìí àwo, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé irin tó ṣẹ́kù síbẹ̀ sókè. Ìyá rẹ̀ yíjú sí i, ó ya ẹnu, ó ní, "As..." Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, òótọ́ sì ni. Ó mí kanlẹ̀.

Ó sọ fún ọmọ náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má dà á mọ́."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó sì dà á. Àwa méjèèjì bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.